Fọ́tò Orí Ibojì: Ìtàn Àwọn Tó Ń Bá Ẹlẹ́bí Wá Òkú Ogun

Lọ́dún 1916, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń gbóná janjan ní ilẹ̀ Faransé, káàdì kan máa ń dé sílé àwọn tó ti pàdánù ọmọ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fọ́tò ló wà lára rẹ̀. Kì í ṣe fọ́tò ọmọ náà o, fọ́tò ibojì rẹ̀ ni: òkìtì yẹ̀pẹ̀, àgbélébùú onígi, orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ. Wọ́n kọ ibi tí ibojì náà wà sábẹ́ fọ́tò, wọ́n sì dárúkọ ibùdókọ̀ ojú irin tó sún mọ́ ọn jù lọ. Ìlà tó dárúkọ ibùdókọ̀ yìí ló máa ń ṣe mí ní kàyéfì. Ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìyá wo ló fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin débẹ̀? Síbẹ̀, ẹni tó ṣe káàdì náà ti ń júwe ọ̀nà fún un.

Ẹni tí iṣẹ́ yìí ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ṣọ́jà. Fabian Ware ti ṣe olórí ètò ẹ̀kọ́ ní Transvaal ní Gúúsù Áfíríkà, ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Morning Post ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti pé ẹni ọdún 45 nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1914. Àwọn ológun ní ó ti dàgbà jù. Ó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Lord Milner, tó jẹ́ ẹni ńlá láwùjọ, bá a sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ Red Cross sì fi í ṣe olórí ọ̀wọ́ mọ́tò kan tó ń wá àwọn tó fara gbọgbẹ́ kiri ní ilẹ̀ Faransé. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni àwọn tó ń wa mọ́tò wọ̀nyí.

Bí wọ́n ṣe ń wá alààyè ni wọ́n ń pàdé òkú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1914, Ware àti dókítà Red Cross kan, Edward Stewart, wọ ibi ìsìnkú ìlú Béthune. Wọ́n bá àgbélébùú lórí ibojì àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ wọ̀nyí sí. Bí òjò bá pa á rẹ́, ó parí nìyẹn. Stewart ní kí Red Cross san owó tí wọn yóò fi kọ orúkọ náà lọ́nà tí kò ní tètè parẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Ware ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú kúrò lára àwọn tó fara pa sí àwọn tó ti lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1915, ilé iṣẹ́ ológun tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n sì fún un ní àṣẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 1916, ibojì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ti tó 50,000.

Lọ́dún 1915 yẹn náà ni òfin kan jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú òkú ọmọ ogun gbé wálé mọ́. Kí òfin náà tó múlẹ̀, wọ́n ti gbé òkú William Gladstone, aṣòfin tó tún jẹ́ ọmọ-ọmọ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, láti ojú ogun lọ sí Hawarden, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Ìdílé rẹ̀ lówó, wọ́n sì lẹ́nu láàfin. Ọmọ awakùsà tó kú lọ́jọ́ kan náà ńkọ́, ta ni yóò lọ gbé e wá? Ohun tó ká Ware lára nìyẹn: bí wọ́n bá fàyè gba irú èyí, olówó nìkan ni yóò máa sin ọmọ rẹ̀ sílé. Òfin náà sọ olówó àti tálákà di ọgbọọgba, àmọ́ àtolówó àti tálákà ló fi sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òfo yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí kò ṣeé gbé wálé, àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ a gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a gbé e wá fún àwọn ará ilé, ìyẹn ni wọn yóò sì ṣe ìsìnkú fún bí ẹni pé òun gan-an ni. Fọ́tò ibojì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe irun àti èékánná tirẹ̀.

Àwọn òbí ló kọ́kọ́ béèrè fún un. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé sí ọ́fíìsì Ware, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń sọ: ẹ bá wa ya ibẹ̀, kí a rí i. Red Cross ló gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀. Ayafọ́tò ń lọ láti ibi ìsìnkú kan sí èkejì, nígbà mìíràn ìró ìbọn ńlá kò jìnnà sí wọn, káàdì sì ń lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ̀ka mìíràn nínú Red Cross ń wá àwọn tí a kò gbúròó wọn mọ́. Gertrude Bell tí ayé wá mọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Ìráàkì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní Boulogne, òǹkọ̀wé E. M. Forster náà ṣe é ní Alẹkisáńdríà. Wọn a lọ bá ṣọ́jà tó ń gba ìtọ́jú lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọn a bi í bóyá ó rí lágbájá lọ́jọ́ tí wọ́n jà. Bí wọ́n bá rí ìdáhùn, wọn a kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1917, ọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó dá Imperial War Graves Commission sílẹ̀. Iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti di àjọ ìjọba. Frederic Kenyon, ọ̀gá British Museum, kọ ìlànà rẹ̀ lọ́dún 1918: òkúta kan náà fún ọ̀gágun àti kúrúù ṣọ́jà, gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 81, ìbú rẹ̀ tó 38, orúkọ, nọ́ńbà, àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ọjọ́ ikú. Ẹbí lè fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí ìsàlẹ̀, bí kò bá ti ju lẹ́tà 66 lọ, tí wọ́n bá ka àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí ẹbí san owó díẹ̀ lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu owó yẹn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Inú gbogbo ènìyàn kò dùn sí òkúta náà. Lady Florence Cecil, ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù tó pàdánù ọmọkùnrin mẹ́ta sógun, kó ìbuwọ́lùwé tó ju 8,000 lọ jọ pé àgbélébùú ni àwọn fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1920. Àríyànjiyàn gbóná, àjọ náà sì borí. Tiwọn ni pé ẹni tó bá kú pọ̀, kí wọ́n sùn pọ̀, kí òkúta wọn sì jọ ara wọn.

Àwọn tí wọn kò rí òkú wọn rárá ńkọ́? Ara ògiri ni wọ́n gbẹ́ orúkọ wọn sí. Ẹnubodè Menin ní Ypres, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1927, ru orúkọ tó ju 54,000 lọ. Ti Thiepval, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1932, ju 72,000 lọ. Òǹkọ̀wé Rudyard Kipling ni àjọ náà fi ṣe olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ sára àwọn ìrántí wọ̀nyí. John, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, kú ní Loos lọ́dún 1915, bàbá rẹ̀ sì wá ibojì rẹ̀ títí kò rí i kó tó kú lọ́dún 1936. Lọ́dún 1992 ni àjọ náà kọ orúkọ John sí òkúta kan tó ti jẹ́ ti ẹni àìmọ̀ láti ìgbà ogun. Ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi wé ara wọn ni wọ́n gùn lé, àwọn onímọ̀ sì ṣì ń bára wọn fà á pé òun ni tàbí òun kọ́.

Lẹ́yìn Ogun Hítílà, nǹkan bí 600,000 òkú tuntun ni wọ́n fi kún iṣẹ́ àjọ náà. Orúkọ rẹ̀ yí padà lọ́dún 1960, ó di Commonwealth War Graves Commission. Òkú tó wà lábẹ́ àmójútó rẹ̀ lónìí tó mílíọ̀nù 1.7, wọ́n sì fọ́n ká sí nǹkan bí ibi 23,000 ní orílẹ̀-èdè tó ju 150 lọ. Fọ́tò ọ̀fẹ́ ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Ẹni tó bá lówó lọ fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ bíi St Barnabas Society sì kó àwọn tálákà lọ ní àwọn ọdún 1920. Ẹni tí kò rí ọ̀nà lọ fara mọ́ orúkọ inú ìwé.

Lọ́dún 1998, àjọ náà gbé àkójọ orúkọ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ-ọmọ tó ń tọpa ìdílé rẹ̀ ní Kánádà tàbí Ọsirélíà wá lè rí i lójú ẹsẹ̀ pé bàbá bàbá òun wà ní ìlà báyìí, nọ́ńbà báyìí, ní Gallipoli. Ó rí orúkọ, kò rí òkúta. Bí ìbéèrè àwọn òbí ọdún 1915 ṣe tún jí dìde nìyẹn, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló sì tún dáhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ara wọn jọ sábẹ́ orúkọ The War Graves Photographic Project, tí àjọ ibojì ogun sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wọn. Ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ga: kí wọ́n ya gbogbo ibojì àti orúkọ ọmọ ogun láti ọdún 1914 títí di òní, níbikíbi tó bá wà láyé. Fọ́tò tí wọ́n ti kó jọ ti kọjá mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Owó kékeré ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹbí tó bá fẹ́ ẹ̀dà, kí iṣẹ́ má bàa dẹnu kọlẹ̀.

Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́, ṣọ́jà àtijọ́, ẹni tó ń rin ìrìn àjò afẹ́ tó sì ya sí ibi ìsìnkú fún wákàtí kan: irú wọn ló ń ṣe é. Ojú lásán lè rò pé kámẹ́rà nìkan ló gbà. Ṣùgbọ́n òkúta Portland tí wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkúta ibojì náà rọ̀, òjò sì ń jẹ lẹ́tà ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí oòrùn bá kọjú sí òkúta gangan, ojú rẹ̀ a funfun báláú nínú fọ́tò, lẹ́tà kò ní hàn. Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, kí òjìji lè wọnú ibi tí wọ́n gbẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ a dúró de ìgbà tí oòrùn bá yí, tàbí kó fi dígí darí ìmọ́lẹ̀ sára òkúta láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá fín omi lásán sí i, lẹ́tà tó ti fẹ́ parẹ́ a tún yọjú. Bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin jẹ́ èèwọ̀, ọṣẹ líle jẹ́ èèwọ̀, ṣọ́ọ̀kì pàápàá kò gbọdọ̀ kan òkúta, nítorí ẹni tó fi ọjọ́ kan mú kí orúkọ hàn lè fi bẹ́ẹ̀ dá ẹ̀mí òkúta légbodò. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àkọsílẹ̀: apá wo nínú ọgbà, ìlà wo, nọ́ńbà mélòó. Fọ́tò tí kò ní nọ́ńbà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, torí pé òkúta 12,000 tó jọ ara wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ibi ìsìnkú Tyne Cot nìkan.

Àwọn ọgbà ńlá bẹ́ẹ̀ gan-an ló rọrùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló le. Òkú ogun tí wọ́n ń rántí níbẹ̀ ju 300,000 lọ, ibojì àti ìrántí wọn sì wà káàkiri ibi tó ju 12,000 lọ. Òmíràn jẹ́ òkúta ẹyọ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, tí ẹ̀gún ti bò. Ọgbẹ́ ló pa àwọn kan ní ọsibítù ilé, àìsàn ọ̀fìnkìn ọdún 1918 ló pa àwọn mìíràn. Nígbà mìíràn, ẹbí ló gbé òkúta tiwọn kalẹ̀ tí kò jọ ti àjọ rárá, nígbà mìíràn sì rèé, orúkọ ọmọ tó kú sí ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fi kún orúkọ ìyá àti bàbá rẹ̀ lórí ibojì tiwọn. Irú èyí kò sí nínú ìwé àjọ. Olùyọ̀ǹda tó ń ka òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàdédé bá a pàdé. Mo ka èyí sí iṣẹ́ tó níye lórí jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, nítorí ìjọba kò fún wọn ní àkójọ kankan tí wọn yóò tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè ya ohun tí wọn kò gbé kalẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun Nigeria Regiment dé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní òpin ọdún 1916 láti bá Jámánì jà. Ní Mahiwa, oṣù kẹwàá ọdún 1917, ìjà náà pa wọ́n púpọ̀. Àwọn aláàárù tó ń ru ẹrù tẹ̀ lé wọn kú jù wọ́n lọ, ebi àti àìsàn sì ni ó pa ọ̀pọ̀ wọn. Ní àwọn ọdún 1920, wọ́n gbé ère ọmọ ogun Áfíríkà kalẹ̀ ní Nairobi, Mombasa àti Dar es Salaam. Kipling ló kọ ọ̀rọ̀ ìrántí ibẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Lárúbáwá àti Sùàhílì. Kò sí orúkọ ẹnì kan lára ère mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ sára ògiri Loos, òun náà ló kọ ọ̀rọ̀ sára ère tí kò ní orúkọ.

Kì í ṣe gbàgbé ni wọ́n gbàgbé. Lọ́dún 1923, Gordon Guggisberg, gómìnà Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí, sọ fún àjọ náà pé òkúta orí ibojì kò ní yé àwọn ọmọ ilẹ̀, wọn kò sì ní mọyì rẹ̀. Guggisberg yìí kan náà ló kọ́ iléèwé Achimota àti ọsibítù Korle Bu, tí ọ̀pọ̀ ará Gánà ṣì ń ṣàdúrà fún títí dòní. Ẹni tó gbà pé wọ́n lè mọyì ìwé kíkà, kò gbà pé wọ́n lè mọyì ibojì òkú wọn! Ó yẹ kó bi ẹnikẹ́ni ní Accra tàbí Èkó léèrè bí wọ́n ṣe ń sin òkú.

Ìwádìí tí Michèle Barrett ti Yunifásítì Queen Mary ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ló kọ́kọ́ tú àṣírí yìí, aṣòfin David Lammy sì gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2019. Àjọ náà yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ sì jábọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Òkú ogun àkọ́kọ́ tí wọn kò bu ọlá tó bá ti ẹgbẹ́ wọn mu fún tó 45,000 sí 54,000. Àwọn tí wọn kò dárúkọ wọn rárá kò dín ní 116,000, wọ́n sì lè tó 350,000. Ọmọ Íńdíà, Íjíbítì, Sòmálíà, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ben Wallace, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò nígbà náà, tọrọ àforíjì nílé aṣòfin.

Láti ìgbà náà, irú olùyọ̀ǹda mìíràn ni iṣẹ́ náà ń fẹ́: ẹni tó lè jókòó ti ìwé àtijọ́ nínú yàrá àkọsílẹ̀, tí yóò máa ka orúkọ tí akọ̀wé amúnisìn kọ játijàti. Ní Cape Town, ìwé ìgbà ogun ni wọ́n fi rí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ju 1,700 lọ tí wọn kò ní ìrántí kankan. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n ṣí ìrántí wọn sí Company's Garden. Òpó igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe é, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lára tirẹ̀, àwọn ayafọ́tò sì ti ní ohun tí wọn yóò yà níbẹ̀.

Ti Ogun Hítílà yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà náà, àjọ náà kọ orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó kú ní Bọ́má sílẹ̀. Ju 90,000 lọ ló lọ jà níbẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ìbọn àwọn Japan fọ́ egungun itan rẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kú tàbí sá lọ, àfi òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone. Ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló fi wọ́n pamọ́, tó ń bọ́ wọn, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá. Fadoyebo padà wálé, ó kọ ìwé nípa rẹ̀. Ní àgbà, ara rẹ̀ kò gbé ìrìn àjò mọ́. Akọ̀ròyìn Barnaby Phillips ló bá a gbé lẹ́tà lọ sí abúlé náà lọ́dún 2011. Shuyiman ti kú, àmọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ wà níbẹ̀ tó gba lẹ́tà. Fadoyebo kú ní ọdún 2012, ó ti gbọ́ ìdáhùn kó tó lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò padà, tí a kò sì mọ ibojì wọn, ara òpó Rangoon Memorial ní Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Yangon, ni orúkọ wọn wà, láàárín orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000. Ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Yorùbá ló ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tó lọ Bọ́má tí kò dé, tí wọn kò sì mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ wà níbì kan. Ẹni tó bá fẹ́ wá a, kó má fi orúkọ ìdílé òde òní wá a. Bíi ti Belo Akure, akọni Nigeria Regiment nínú ogun àkọ́kọ́, orúkọ ìlú ni akọ̀wé ológun fi ṣe orúkọ kejì fún ọ̀pọ̀ wọn: Ojo Ibadan, Lawani Ilorin. Kó gbìyànjú Lawani, Lawal àti Lawanni, kó dán Ojo àti Ojoh wò, nítorí bí etí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ ni yóò ṣe kọ ọ́. Nọ́ńbà iṣẹ́ ológun ló dájú jù. Ó máa ń wà lára ìwé ìsanwó, lára lẹ́tà tí ṣọ́jà kọ sílé, lẹ́yìn fọ́tò tí wọ́n yà kí wọ́n tó wọkọ̀, àwọn nǹkan tí ìyá àgbà kó sínú àpótí. Pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, àkójọ àjọ náà a sọ ojú òpó tí orúkọ rẹ̀ wà gan-an, ìdílé a sì kọ̀wé béèrè fọ́tò ojú òpó yẹn lọ́wọ́ àwọn olùyọ̀ǹda.